Ẹnu Okùn Dígí: Ibi Tí Ìmọ́lẹ̀ Ti Ń Ṣòfò

Ẹ jẹ́ ká fi ìbéèrè kan bẹ̀rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ tó ń gbé fídíò, àwòrán àti ọ̀rọ̀ wa kiri ayé nínú okùn dígí, ibo gan-an ló ti ń ṣòfò jù? Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní inú òkun ni, torí ibẹ̀ ló jìn. Ṣùgbọ́n tí ìmọ́lẹ̀ bá rin kìlómítà kan gbáko nínú okùn dígí tó dára lónìí, ó lé ní ìdá 95 nínú 100 tó máa yọ ní apá kejì. Ibi tí wàhálà wà ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kúrò lára lésà tó fẹ́ wọ ẹnu okùn náà. Ibẹ̀ ò gùn tó hóró ìrẹsì kan, ìdajì ìmọ́lẹ̀ sì lè ṣòfò síbẹ̀ láìsí ẹni tó gbọ́ ariwo kankan. Ìdajì yẹn tó ohun tí okùn fúnra rẹ̀ ń jẹ ní nǹkan bíi kìlómítà 15.

Ẹni tó bá ti rọ epo láti inú kẹ́ẹ̀gì sínú ìgò rí máa mọ ohun tí à ń sọ. Kẹ́ẹ̀gì ò jò, ìgò ò jò, síbẹ̀ ilẹ̀ ti kún fún epo. Ẹnu ìgò ni epo ti bá ilẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá elépo kì í fi àrọ wọn ṣeré. Coupling ni àwọn ẹnjiníà ń pe iṣẹ́ fífi ìmọ́lẹ̀ wọ ẹnu okùn; iye tó wọlé nínú gbogbo ohun tí wọ́n rọ ni wọ́n fi ń mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà dára. Nínú ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì, okùn ni gbogbo èèyàn máa ń yìn. Àwa fẹ́ sọ ìtàn àrọ.

Ìtàn náà ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Ní 1841, nílùú Geneva, ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó ń jẹ́ Daniel Colladon fẹ́ fi han àwọn tó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ rẹ̀ bí omi ṣe ń tú jáde láti ojú ihò. Àwọn tó jókòó ò rí omi náà dáadáa. Colladon wá fi lẹ́ǹsì kó ìmọ́lẹ̀ oòrùn jọ, ó darí rẹ̀ la inú omi kọjá, ó sì jẹ́ kó bọ́ sí ojú ihò tí omi ti ń tú jáde gan-an. Ohun tó tẹ̀lé e yani lẹ́nu. Ìmọ́lẹ̀ ò bá tirẹ̀ lọ tààrà. Ó bá omi tẹ̀ bí omi ṣe ń tẹ̀ lọ sílẹ̀, kò sì jáde àfi ìgbà tí omi fọ́nká. Àwọn tó ń sọ ìtàn yìí máa ń tẹnu mọ́ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe tẹ̀. Lójú tiwa, lẹ́ǹsì yẹn ló yẹ ká wò. Ká ní ìmọ́lẹ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò díẹ̀ ni, ara ògiri ni ì bá máa tàn sí, omi ì bá sì ṣókùnkùn. Colladon ti ní àrọ kó tó ní ìgò.

John Tyndall ṣe irú rẹ̀ ní London ní 1854, òun sì ni ọ̀pọ̀ ìwé wá ń dárúkọ. Bẹ́ẹ̀ náà layé ṣe rí.

Ní 1880, Alexander Graham Bell tí gbogbo wa mọ̀ mọ́ tẹlifóònù, òun àti Charles Sumner Tainter, fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn gbé ohùn èèyàn la afẹ́fẹ́ kọjá ní Washington, ó lé ní mítà 200. Ṣùgbọ́n kùrukùru lásán tó láti gé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí méjì. Ìmọ́lẹ̀ nílò ilé tó máa gbà á kúrò lọ́wọ́ òjò. Dígí lè jẹ́ ilé yẹn, àmọ́ dígí ìgbà náà ò mọ́ tó. Nígbà tó fi máa di ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn dókítà ti ń fi ìdìpọ̀ okùn dígí wo inú ikùn aláìsàn, ó sì ṣeé ṣe torí pé láti ẹnu dé ikùn ò jìnnà. Tí wọ́n bá ní kí ìmọ́lẹ̀ rin mítà 20 péré nínú irú dígí bẹ́ẹ̀, nǹkan bíi ìdá 1 nínú 100 ló máa kù.

Charles Kao, tí wọ́n bí ní Shanghai ní 1933, àti George Hockham tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Harlow nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tẹ ìwé kan jáde ní 1966. Ohun tí wọ́n sọ ni pé dígí ò jẹ̀bi, ìdọ̀tí inú dígí ló jẹ̀bi. Tí wọ́n bá lè ṣe dígí tó mọ́ débi pé ìdá 1 nínú 100 á kù lẹ́yìn kìlómítà kan odindi, ìmọ́lẹ̀ á ṣeé fi gbé tẹlifóònù. Wọ́n fún Kao ní ẹ̀bùn Nobel ní 2009. Ìtàn tiẹ̀ ti di mímọ̀, a ò ní pẹ́ níbẹ̀.

Ní 1970, ní Corning, ìpínlẹ̀ New York, Robert Maurer, Donald Keck àti Peter Schultz ṣe okùn tó kọjá ohun tí Kao béèrè: ìdá 2 nínú 100 ló yọ lẹ́yìn kìlómítà kan. Ẹ lè máa rò pé ìdá 2 kéré. Ó kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun ló ṣí ìlẹ̀kùn. Ohun tó wù wá jù nínú rẹ̀ ni bí Keck ṣe wọn okùn náà. Ó ní láti fi ojú sí máíkírósíkóòpù, kó máa sún ẹnu okùn díẹ̀díẹ̀ títí tí ìmọ́lẹ̀ lésà á fi bọ́ sí àárín rẹ̀. Kò bọ́ síbẹ̀, kò tíì bọ́ síbẹ̀. Ìgbà tó wá bọ́ síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rin okùn náà já, ó padà wá, ó kò ó lójú wàì. Ọ̀rọ̀ ìdùnnú ló kọ sínú ìwé àkọsílẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Iṣẹ́ tó yí ayé padà yìí, bíi kéèyàn máa fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ ló ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀.

Lọ́dún kan náà, lésà tó kéré bíi hóró iyọ̀, tí kò nílò kí wọ́n rì í sínú òtútù kó tó ṣiṣẹ́, jáde lẹ́ẹ̀méjì: ọwọ́ Zhores Alferov àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leningrad ni ọ̀kan ti wá, èkejì wá láti ọwọ́ Izuo Hayashi àti Morton Panish ní Bell Labs, Amẹ́ríkà. Àtùpà ti wà, okùn ti wà. Ó kù kí àwọn méjèèjì gbọ́ ara wọn yé, wọn ò sì gbọ́ ara wọn yé.

Ẹ wo ìwọ̀n wọn ná. Okùn dígí kan nípọn tó 125 màíkírómítà, ó kàn fi díẹ̀ ju irun orí lọ ni. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà. Inú rẹ̀ ní mùdùnmúdùn bí egungun ṣe ní in, ibẹ̀ nìkan ni ọ̀nà. Ìyókù jẹ́ èèpo tó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sínú. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi okùn dígí gbé ọ̀rọ̀ tẹlifóònù lábẹ́ títì Chicago ní 1977, mùdùnmúdùn okùn ìgbà náà fẹ̀ tó nǹkan bíi 50 màíkírómítà. Ó rọrùn díẹ̀ láti rọ ìmọ́lẹ̀ sí i. Àmọ́ ọ̀nà tó fẹ̀ ní wàhálà tiẹ̀. Ẹ fojú inú wo àwọn ọmọ tó jọ kúrò níléèwé lẹ́ẹ̀kan náà: ẹni tó gba títì tààrà á ti délé kí ẹni tó yà síbi bọ́ọ̀lù tó dé. Bẹ́ẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ṣe ń ṣe nínú okùn tó fẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n rán lọ lẹ́ẹ̀kan náà á máa dé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sì dàrú mọ́ èyí tó tẹ̀lé e.

Ojútùú rẹ̀ ni kí wọ́n fún ọ̀nà náà títí ọ̀nà kan ṣoṣo á fi kù, nǹkan bíi 9 màíkírómítà. Irú okùn bẹ́ẹ̀ ni wọ́n tẹ́ láti Amẹ́ríkà dé Yúróòpù lábẹ́ òkun Àtìláńtíìkì ní 1988, TAT-8 ni wọ́n pè é. Ìròyìn ayọ̀ fún àwọn tó ń ránṣẹ́ jìnnà. Fún àwọn tó ń to lésà mọ́ okùn, àárò ìyà ni wọ́n dá fún wọn: ojú ibi tí wọ́n máa rọ ìmọ́lẹ̀ sí ti dín kù sí nǹkan bíi ìdá kan nínú 30 ti tẹ́lẹ̀.

Lésà fúnra rẹ̀ ò sì mọ bá a ṣe ń tutọ́ sójú kan. Ẹnu rẹ̀ ò ju màíkírómítà kan sí méjì lọ, bí ìmọ́lẹ̀ sì ti ń jáde ló ń tú ká bí omi ẹnu rọ́bà tí wọ́n fi ìka dí lágbede méjì. Okùn olójú kékeré yẹn, ìmọ́lẹ̀ tó bá ti yà kọjá nǹkan bíi dígírì 8 sí ẹ̀gbẹ́, kì í gbà á wọlé. Tí wọ́n bá kàn fi ẹnu okùn kan lésà báyìí, ká dúpẹ́ tí ìdá 10 nínú 100 bá wọlé. Lẹ́ǹsì tí Colladon lò tún padà dé, ó kàn jẹ́ pé èyí ò ju orí abẹ́rẹ́ lọ. Pẹ̀lú lẹ́ǹsì tó dára, iye tó wọlé lè ju ìdajì lọ dáadáa.

Ìyà míì tún wà. Níbikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti inú afẹ́fẹ́ wọ dígí, ìdá 4 nínú 100 máa ń ta padà. Òfò yẹn kọ́ ló burú jù. Èyí tó bá ta padà wọ inú lésà á máa da ọpọlọ rẹ̀ rú, lésà á máa gbọ̀n. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń gé ẹnu okùn ní ìdagẹ̀rẹ̀, dígírì 8 ló wọ́pọ̀, kí ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà lè gba ibòmíì lọ. Tí ẹ bá rí àwọn tó ń so okùn dígí mọ́ ilé, tí ẹ sì rí pé ẹnu rẹ̀ kan jẹ́ àwọ̀ ewé, èkejì jẹ́ àwọ̀ búlúù, aláwọ̀ ewé ni wọ́n gé ní ìdagẹ̀rẹ̀. Ẹ má kì í bọ inú aláwọ̀ búlúù o.

Iṣẹ́ tó wá gba sùúrù jù ni kí ohun tí wọ́n ti tò dáadáa má yẹ̀. Bí okùn méjì olójú kékeré bá dojú kọra, tí ọ̀kan fi bíi 4 màíkírómítà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdajì ìmọ́lẹ̀ ti lọ. Níwájú lésà, kò tiẹ̀ gbọdọ̀ yẹ̀ tó màíkírómítà kan. Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Wọ́n á tan lésà, wọ́n á fi ẹ̀rọ tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ sí ìdí okùn, wọ́n á wá máa sún ẹnu okùn sọ́tùn-ún, sósì, sókè, sílẹ̀, títí nọ́ńbà tó wà lójú ẹ̀rọ náà á fi ga dé ibi tí kò lè ga mọ́. Wọ́n á wá lẹ̀ ẹ́ pa. Ibi tí wọ́n ti ń lẹ̀ ẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ máa ń bàjẹ́, torí gọ́ọ̀mù tó bá ń gbẹ máa ń súnkì, irin tí wọ́n bá fi iná jó pọ̀ máa ń fà bó bá ń tutù. Ohun tí wọ́n fi ìṣẹ́jú mélòó kan tò, gọ́ọ̀mù lè fi ìṣẹ́jú àáyá kan tú u. Ìdí rèé tí owó tí wọ́n ń ná lórí títò àti lílẹ̀ fi sábà máa ń ju owó lésà fúnra rẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé inú chip ni gbogbo owó ẹ̀rọ ìgbàlódé wà. Nínú iṣẹ́ yìí, ọwọ́ tó ń tò ó ló ń jẹ owó.

Ọ̀gbẹ́ni kan ní Japan, Kenichi Iga, ní èrò míì ní 1977. Gbogbo lésà onígbà náà ló ń tú ìmọ́lẹ̀ jáde láti ẹ̀gbẹ́, tóóró, tó sì rí pẹlẹbẹ. Iga ní, kí ló dé tí kò lè gba orí jáde? Ìmọ́lẹ̀ tó gba orí jáde máa ń rí roboto bí ojú okùn ṣe rí roboto, kì í sì í tú ká púpọ̀. Ó gba ọdún púpọ̀ kí irú lésà yìí tó dúró dáadáa. VCSEL ni wọ́n ń pè é. Òun àti okùn tó fẹ̀ tó 50 màíkírómítà wá di tọkọtaya nínú àwọn data centre: ó rọrùn láti tò, kò wọ́n, tí ibi tí wọ́n ń lọ ò bá ti ju nǹkan bíi mítà 100 lọ. Ìmọ́lẹ̀ tó ṣí fóònù yín nígbà tó bá fẹ́ mọ ojú yín, irú lésà yẹn náà ló ń tú u jáde nínú ọ̀pọ̀ fóònù.

Data centre ló wá sọ ọ̀rọ̀ àrọ di ọ̀rọ̀ ńlá. Ilé tó kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún server ni, gbogbo wọn ló sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tọ̀sán tòru. Ní orí okùn kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ò gùn ju ìka ọwọ́ lọ púpọ̀, òun ló ń sọ iná di ìmọ́lẹ̀, tó tún ń sọ ìmọ́lẹ̀ padà di iná. Optical module nìyẹn. Nígbà tí àwọn ilé náà fẹ̀ débi tí mítà 100 ò tó mọ́, tí eré ọ̀rọ̀ sì ga sí i, wọ́n ní láti padà sí okùn olójú kékeré.

Ibẹ̀ ni ẹ ti máa rí bí ìṣirò ṣe yí padà. Lábẹ́ òkun, jíjìn ni ọ̀tá. Nínú data centre, jíjìn ò jẹ́ nǹkan kan. Ẹ mú ìlànà kan tó wọ́pọ̀, 400GBASE-DR4, tó wà fún mítà 500. Ó gbà kí ìdajì ìmọ́lẹ̀ ṣòfò láti module dé module. Okùn fúnra rẹ̀ kì í jẹ ju nǹkan bíi ìdá 5 nínú 100 lọ ní irú ibi kúkurú bẹ́ẹ̀. Gbogbo ìyókù, ẹnu ló wà fún: ibi tí okùn ti kan okùn, ibi tí eruku bà lé, ibi tí ìdè ò dọ́gba. Ohun tó ṣòfò nínú module kí ìmọ́lẹ̀ tó jáde síta rárá, kò tiẹ̀ sí nínú ìṣirò yẹn. Ẹni tó ṣe module ló máa gbé e.

Báwo ló ṣe máa gbé e? Bí ìdajì ìmọ́lẹ̀ ò bá wọlé, lésà ní láti tú ìlọ́po méjì jáde. Lésà tó bá ń ṣiṣẹ́ jù á gbóná, èyí tó bá gbóná á máa jẹ iná sí i kó tó lè tú iye kan náà jáde, á sì tètè kú. Module kan tó ń gbé gígábíìtì 400 ní ìṣẹ́jú àáyá kan lè jẹ iná tó wáàtì 10, bíi gílóòbù LED kan. Ó dà bí nǹkan kékeré títí ẹ ó fi ka iye module tó wà nínú ilé kan. Lẹ́yìn náà ni iná tí ẹ̀rọ amúlétutù máa jẹ kó tó lè lé ooru yẹn jáde. Ìmọ́lẹ̀ tí kò wọ okùn ò pòórá o. Ooru ló dà.

Ọgbọ́n tí wọ́n tún dá ní ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun yìí ni kí wọ́n ya ọ̀nà ìmọ́lẹ̀ sórí sílíkọ́nì, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe chip kọ̀ǹpútà, kó lè pọ̀, kó sì dínwó. Sílíkọ́nì ń gbé ìmọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kì í tú ìmọ́lẹ̀ jáde fúnra rẹ̀ bó ṣe yẹ, lésà ní láti ti ibòmíì wá. Ọ̀nà orí sílíkọ́nì yìí ò sì fẹ̀ tó ìdajì màíkírómítà kan. Ẹ rántí pé 9 ni ti okùn. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n bá ní kí páìpù omi ìjọba tú sínú sitírọ́ọ̀ tí ọmọdé fi ń mu jíúsì.

Èrò ẹnikẹ́ni á ni pé kí wọ́n jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà sílíkọ́nì náà máa fẹ̀ títí á fi tó ti okùn. Àwọn kan ní ilé-iṣẹ́ NTT ní Japan ní 2002, àti Michal Lipson pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì Cornell ní 2003, ṣe òdìkejì rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ẹnu ọ̀nà náà máa tóóró sí i, ó ń tóóró bí ẹnu abẹ́rẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀? Nígbà tí ọ̀nà tóóró débi pé ìmọ́lẹ̀ ò lè há mọ́ inú rẹ̀ mọ́, ìmọ́lẹ̀ tú jáde yí i ká, ó wú, ó sì fẹ̀ tó ohun tí okùn lè gbà. A nífẹ̀ẹ́ sí èyí gan-an. Ìmọ́lẹ̀ kì í ṣe epo. Àrọ tiẹ̀ lè dojú dé.

Ní 2006, Intel àti yunifásítì California ní Santa Barbara, níbi tí John Bowers wà, kéde ọ̀nà míì: wọ́n lẹ ohun tí wọ́n fi ń ṣe lésà mọ́ orí sílíkọ́nì kí wọ́n tó gbẹ́ ọ̀nà sí i, kó lè jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń ya chip ló máa to gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí kò ní sí ẹni tó ń sún lésà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tó ọdún mẹ́wàá kí Intel tó bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún data centre, ní 2016.

Nípa tiwa nílé, ọ̀pọ̀ rántí 14 oṣù Kẹta 2024, nígbà tí okùn mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Côte d'Ivoire, tí báńkì àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì sì dákú l'Ékòó. Ọjọ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ mọ̀ pé okùn ni íntánẹ́ẹ̀tì. Equiano, okùn Google tó gúnlẹ̀ sí Lomé ní oṣù Kẹta 2022 tó sì dé Èkó ní oṣù Kẹrin, ní okùn méjì-méjì lọ́nà 12 nínú. Ṣùgbọ́n láti etíkun dé inú server, ọ̀rọ̀ á ti jáde kúrò nínú okùn, á tún ti wọ òmíràn, lẹ́ẹ̀mélòó kan. Ní ìlú tí jẹnẹrétọ̀ ti ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ iná ìjọba, ooru tó ń ti ẹnu àwọn okùn yẹn jáde, dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń rà á.

Ní oṣù Kẹta 2025, Nvidia kéde ẹ̀rọ tuntun fún data centre tí wọ́n ti kó iṣẹ́ module wọ ẹ̀gbẹ́ chip ńlá tó ń darí ọ̀rọ̀, kí iná má baà máa rìn jìnnà kó tó di ìmọ́lẹ̀. Lésà nìkan ni wọ́n yọ síta, sínú àpótí kékeré tó ṣeé pààrọ̀, torí pé òun ni ooru ń tètè pa. Yíyọ tí wọ́n yọ ọ́ síta ló wá bí ẹnu míì. Ìmọ́lẹ̀ á kúrò lára lésà wọ okùn, á kúrò nínú okùn wọ chip, á tún kúrò nínú chip padà sínú okùn. Bí ẹnu kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ kí ìdá 70 nínú 100 kọjá, ìdá 34 ló máa kù kí ọ̀rọ̀ tó kúrò níbi tó wà rárá.